Irun orí tó ń fẹ́lẹ́ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró: ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀

Ní Sátidé kan, ìyá kan tó ń ta láfún ní ọjà Wàásò níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ yà sí ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n gbé ọ̀rá dúdú kékeré kan lé mi lọ́wọ́. "Ìwọ onídìrí yìí, wá wo ohun tó ti orí mi bọ́." Mo tú ọ̀rá náà. Irun ni, ó ká jọ bí ẹyin tòlótòló. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni dídì fi wà lórí wọn, alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n tú u, oorun ò sì kùn wọ́n láti ìgbà náà. Ẹni ọdún 52 ni wọ́n, nǹkan oṣù wọn sì ti dáwọ́ dúró láti bí ọdún kan àbọ̀. Ìlà àárín orí wọn, tó máa ń rí tín-ín-rín bí okùn tẹ́lẹ̀, ti fẹ̀ tó ìka ọwọ́.

"Ṣé bí apárí ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyí?"

Mo ní kí wọ́n jókòó ná. Ohun tí mo bá wọn sọ lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kọ síbí, pẹ̀lú èyí tí mo kọ́ lára orí tèmi. Èmi náà ti pé ọdún 54, mo sì ti náwó sórí irun yìí ju bó ṣe yẹ lọ. Owó la máa ń kọ́kọ́ ná, ẹ̀yìn rẹ̀ la tó ń wo orí. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo orí.

1. Ṣé ó ń já ni, àbí ó ń re?

Gbogbo wa la máa ń sọ pé "irun mi ń já," ṣùgbọ́n jíjá ọ̀tọ̀, ríre ọ̀tọ̀. Ẹ mú bíi mẹ́wàá nínú irun tó bọ́, ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ funfun, kí ẹ gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí kókó funfun tíntín ní ìdí rẹ̀, láti gbòǹgbò ló ti wá, ó re ni. Bí kò bá sí kókó, tó kúrú, tí ẹnu rẹ̀ rí jágajàga, ó já lójú ọ̀nà ni. Iṣẹ́ rìlásà, òòyà, iná tàbí gbígbẹ nìyẹn, ẹ má fi í lé nǹkan oṣù lórí.

Ríre fúnra rẹ̀ kì í ṣe àrùn. Irun bíi 50 sí 100 ló ń re lórí èèyàn lójúmọ́. Nígbà tí irun bá wà ní dídì, èyí tó re ò ríbi gbà jáde, inú dídì náà ló máa há sí títí di ọjọ́ tí ẹ máa tú u. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà jẹ́ ọjọ́ 42. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó kéré tán, 2,100, ó lè tó 4,200. Ohun tó wà nínú ọ̀rá ìyá oníláfún nìyẹn. Gbogbo èyí tí mo yẹ̀ wò ló ní kókó funfun, ọ̀rá náà ò sì bà mí lẹ́rù rárá. Ìlà orí tó fẹ̀ ni mo tẹjú mọ́ ní tèmi.

2. Ibo lórí ló ti ń lọ?

Ẹ tú irun yín sílẹ̀, ẹ jókòó síta ní ọ̀sán, kí ọmọ tàbí àbúrò yín fi fóònù ya àárín orí, àtàrí, ẹ̀bátí méjèèjì àti iwájú. Ẹ tọ́jú fọ́tò yẹn. Ibi kan náà, àsìkò kan náà ni kí ẹ ti máa yà á lóṣooṣù. Dígí kì í rántí bí orí ṣe rí lóṣù tó kọjá, fóònù máa ń rántí.

Bí ó bá jẹ́ ìlà àárín ló ń fẹ̀, tí àtàrí ń fẹ́lẹ́ ṣùgbọ́n tí etí irun níwájú ṣì wà níbi tó wà, èyí tó ń bá ìdádúró nǹkan oṣù rìn nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Irun kọ̀ọ̀kan máa ń hù fún ọdún 2 sí 7, á sinmi fún bí oṣù mẹ́ta, á re, òmíràn á sì hù ní ihò rẹ̀. Hòmóònù obìnrin tí à ń pè ní ẹ́sítírójìn wà lára ohun tó ń jẹ́ kí àsìkò híhù yẹn pẹ́. Láàrin ọdún 45 sí 55, ó ń wálẹ̀. Àsìkò híhù á kúrú, ihò irun fúnra rẹ̀ á sì máa kéré sí i. Ẹ wò ó bí ebè iṣu tí à ń kọ kékeré sí i lọ́dọọdún: iṣu tó máa jáde níbẹ̀ ò lè tóbi ju ebè lọ. Irun tó ń jáde á tín-ín-rín, á kúrú, títí tí yóò fi dà bí irun apá. Àwọn tí èyí ti wà nínú ìdílé wọn ló máa ń tètè rí i. Ẹ bi ìyá yín, ẹ bi àwọn àbúrò bàbá yín pẹ̀lú.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀bátí àti iwájú ló lọ, fífà ni. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ máa rí irun wẹẹrẹ díẹ̀ tó ṣẹ́kù ní etí pátápátá, nítorí pé ó kúrú jù fún ọwọ́ onídìrí láti mú.

Bí ó bá jẹ́ gbogbo orí ló ń re lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ka oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn. Ṣé ibà líle ni? Iṣẹ́ abẹ? Ọ̀fọ̀? Àbí ẹ rù lójijì? Irun máa ń pẹ́ kó tó jẹ́jọ́ ohun tó ṣe ara. Irú èyí sábà máa ń padà fúnra rẹ̀ láàrin oṣù mẹ́fà.

Ìyókù ni kò gbọdọ̀ pẹ́ nílé. Bí àtàrí bá ń yún yín, tó ń ta bí ẹni pé ata kan án, tí ẹ fọwọ́ kàn án tó ń dùn yín, tí awọ ibẹ̀ sì ń dán, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Ojú àpá ló ń di ihò irun pa, ó sì wọ́pọ̀ láàrin àwa obìnrin aláwọ̀ dúdú. Ihò tó bá ti dí pa, kò sí oògùn tó máa ṣí i. Èyí tí kò tíì dí nìkan la lè gbà là. Bákan náà ni bí etí irun níwájú bá ń sún sẹ́yìn bí ẹni pé wọ́n ń fá a, tí irun òkè ojú náà sì ń lọ. Bí ibì kan bá pá róbótó tó ń dán, ẹ lọ. Bí irun àgbọ̀n bá ń hù kíákíá, tí ohùn yín sì ń wúwo, ẹ lọ. Ọ̀rọ̀ kan tí kì í ṣe ti irun, ṣùgbọ́n mi ò ní fò ó: obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró fún odidi oṣù 12, tó wá tún rí ẹ̀jẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀kán kan, kó rí dókítà.

3. Ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, kò jìnnà. Ilé ìwòsàn Yunifásítì Bowen wà, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Onítẹ̀bọmi ní 1907, táwọn àgbà ò sì yéé pè ní Báptíìsì. Ti LAUTECH náà wà. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti dókítà awọ ara tí wọ́n sì darí yín lọ sí UCH ní Ìbàdàn, ẹ tètè jí. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ ṣe máa ń ṣe èèyàn.

Ohun tí ẹ máa béèrè nìyí: PCV, ferritin, táíróìdì (ẹ̀yà ara kan ní ọrùn tó ń pèsè hòmóònù) àti ṣúgà. PCV ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ferritin ń sọ iye irin, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, tí ara tọ́jú pamọ́. Méjèèjì yàtọ̀ síra. PCV lè dára kí àpamọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, pàápàá lára obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ya bí omi ní ọdún mélòó kan tó ṣáájú ìdádúró, tàbí tó ní fáíbírọ́ìdì. Tèmi nìyẹn. Ọdún méjì ni mo fi ń pariwo hòmóònù, nígbà tí irin ti lọ sílẹ̀ lára mi. Ẹ má kàn ra oògùn ẹ̀jẹ̀ kí ẹ máa lò ó láìṣe àyẹ̀wò o. Irin tó bá pọ̀ jù lára ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Táíróìdì ní tirẹ̀ lè mú irun re, kó mú ara gbóná tàbí kó mú un tutù, kó sì mú èèyàn rẹ̀, débi tí a ó máa rò pé ọjọ́ orí ni.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Àwọn kápúsù "irun àti èékánná" tí wọ́n ń tà káàkiri sábà máa ń ní biotin, irú fítámì kan, tó tó máíkírógíráàmù 5,000 tàbí 10,000. Bíi 30 ni ara nílò lójúmọ́. Àpọ̀jù rẹ̀ máa ń jẹ́ kí àyẹ̀wò táíróìdì àti ti ọkàn purọ́. Bí ẹ bá ń lò ó, ẹ dá a dúró ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn. Ní tòótọ́, ẹni tí biotin kò tán lára rẹ̀ ò rí nǹkan kan gbà nínú rẹ̀ ju ìtọ̀ olówó ńlá lọ.

4. Ẹ dẹ ọwọ́

Ibí ni iṣẹ́ mi wà, ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi máa ń sọ pé dídì tí kò bá fa ojú kò ní pẹ́ lórí. Mo gbà á gbọ́ fún ogún ọdún. A ó dì í títí ojú oníbàárà á fi ká sókè, a ó ní kó lọ lo Panadol méjì, kó má sì sùn lé e. Bí ẹ bá nílò Panadol lẹ́yìn tí ẹ dìrí, dídì yẹn ti le jù. Bí rorẹ́ kéékèèké bá yọ létí irun ní ọjọ́ kejì, gbòǹgbò ló ń ké. Ọmọ ogún ọdún lè fara da irú ẹ̀ fúngbà díẹ̀. Irun tó ti fẹ́lẹ́ ò ní agbára yẹn mọ́.

Kí ẹ tó dìde lórí àga onídìrí, ẹ gbé ojú sókè, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ yí ọrùn sọ́tùn-ún sósì. Ìlà tó bá fa awọ, ẹ ní kí wọ́n tú u lójú ẹsẹ̀, ẹ má gbé e délé. Ẹ má tijú onídìrí. Owó yín ni.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí: ìlà ńláńlá, kì í ṣe wẹẹrẹ. Mi ò kì í fi atashímẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀ láti etí irun. Mo máa ń fi bí ìbú ìka kan sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló pọ̀ jù, lẹ́yìn náà kí orí sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Mo tún máa ń yí ojú ibi tí dídì kọ sí padà. Bí oṣù yìí bá jẹ́ ṣùkú tó ń fa gbogbo rẹ̀ lọ sókè àtàrí, oṣù tó ń bọ̀ á jẹ́ ìpàkó ẹlẹ́dẹ̀ tàbí pàtẹ́wọ́, kí ibì kan náà má baà máa ru ẹrù. Bí ẹ bá bi mí, irun kíkó olówùú, tí ọwọ́ dẹ̀ ní ìdí rẹ̀, ló tù wá lára jù lọ́jọ́ orí yìí. Àwọn ọmọ wa á ní a ti di ìyá àgbà inú fọ́tò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Rìlásà: mo gba yín nímọ̀ràn pé kí ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀ tí àárín orí bá ti ń fẹ́lẹ́. Ẹni tí kò lè jáwọ́, kó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá sáàárín, kó fi kan irun tuntun nìkan, kó má fi í sórí awọ tó ń ta, kó má sì dìrí lọ́jọ́ tó na irun. Wíìgì dára, àmọ́ kó má jẹ́ èyí tí wọ́n fi gúlúù lẹ̀. Ẹ bọ́ ọ lálẹ́. Gèlè òde ọjọ́ Sátidé náà, ẹ wọ fìlà sátínì sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì tú u gẹ́rẹ́ tí ẹ bá délé, kó má di ìgbà tí ẹ bá jẹun tán.

5. Fífọ̀, òróró, oúnjẹ

Ooru tó ń ru sókè látinú lójijì, tó ń mú wa làágùn lóru, máa ń mú orí rin. Ẹ fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ tàbí lọ́sẹ̀ méjì méjì, bó tilẹ̀ wà ní dídì, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ dénú. Bí ohun funfun bá ń ṣí lórí tó sì ń yún, ẹ béèrè ṣampú ketoconazole ní kẹ́míìsì. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ìfófó rẹ̀ wà lórí fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó ṣàn án.

Òrí àti àdí kì í hu irun. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí á dun àwọn kan. Wọ́n ń dáàbò bo irun tó ti wà nílẹ̀ ni, kó má baà gbẹ kó já, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ara irun ni kí ẹ fi wọ́n pa. Ẹ má rẹ́ ẹ mọ́ awọ orí, nítorí òróró tó jókòó síbẹ̀ máa ń mú ohun funfun yẹn pọ̀ sí i.

Ti oúnjẹ kò gùn. Láfún pẹ̀lú ewédú dùn, àwa tí a jẹ́ ọmọ Ajílété mọ̀ ọ́n jẹ, ṣùgbọ́n ẹja kékeré kan lórí àwo ńlá ò lè bọ́ irun. Ẹ fi ẹ̀wà, ẹyin, ẹja tàbí wàrà kún un lójoojúmọ́. Ẹ mu ọsàn mọ́ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà kí irin inú wọn lè wọ ara. Ẹ jẹ́ kí tíì tó wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ.

6. Minoxidil, fún ẹni tó bá fẹ́ lo oògùn

Oògùn tí ẹ̀rí rẹ̀ fìdí múlẹ̀ jù fún ìlà orí tó ń fẹ̀ nìyí. Kò wúlò níbi tí awọ ti di ojú àpá. Kí ẹ tó rà á, ẹni tó ní àìsàn ọkàn tàbí tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí.

Olómi 2% ni wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, mílílítà 1 lẹ́ẹ̀kan. Onífófó 5% ni ti ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Kí orí gbẹ. Ẹ fi òòyà ya ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún sí ibi tó fẹ́lẹ́, ẹ kán an sórí awọ, ẹ fi ìka rọra tẹ̀ ẹ́ wọlé, kì í ṣe ara irun la ń fi pa. Ẹ fọwọ́ yín. Ẹ fún un ní wákàtí méjì ó kéré tán kí ẹ tó sùn tàbí kí ẹ wé gèlè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa ṣàn sójú, irun á sì hù lẹ́rẹ̀kẹ́. Bí ológbò bá wà nílé, ẹ má jẹ́ kó lá a, májèlé ni fún un. Bí ọkàn bá ń lù kìkì, tí ẹsẹ̀ wú, tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ dá a dúró.

Láàrin ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹjọ, irun lè re sí i. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ ìgò nù. Irun àtijọ́ tó ń sinmi ló ń fi àyè sílẹ̀. Ẹ ní sùúrù. Oṣù kẹrin sí ìkẹfà ni kí ẹ tó gbé fọ́tò síra. Bí ẹ bá sì dá a dúró lọ́jọ́ kan, ohun tó mú wá á padà lọ láàrin oṣù mélòó kan. Nítorí náà, ẹ ṣírò owó ọdún kan kí ẹ tó ra ìgò kìíní.

Àwọn oògùn mìíràn wà, bíi spironolactone àti finasteride. Dókítà nìkan ló lè kọ wọ́n fún yín, ẹ má sì fún ọmọ yín obìnrin tó ṣì lè lóyún. Hòmóònù ìdápadà náà, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń rọ́pò ẹ́sítírójìn tó ti wálẹ̀, nítorí irun nìkan kọ́ ni wọ́n ṣe ń fúnni ní i.

Àlùbọ́sà lílọ̀, atalẹ̀, ata: mo ti fi gbogbo wọn kan orí yìí. Ọwọ́ òǹtàjà kan ni mo ti ra ìpara aláwọ̀ ewé kan tí kò ní orúkọ olùpèsè lára. Ọjọ́ kẹta, àtàrí mi wú, ó ń ṣomi. Oṣù mẹ́ta ni mo fi wé ìborùn wọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣe irun fáwọn ẹlòmíràn.

Àyẹ̀wò ìyá oníláfún fi hàn pé irin ló lọ sílẹ̀ lára wọn. Dókítà kọ oògùn rẹ̀ fún wọn, wọ́n sì ń fi minoxidil kún un. Nígbà tó di oṣù keje, a gbé fọ́tò méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìlà yẹn ò padà di okùn. Ṣùgbọ́n ó ti dín, irun wẹẹrẹ sì ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì.

Wọ́n ní kí n bá wọn kó o lówùú. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìpàkó. Kí n tó dé àárín orí, ọrùn wọn ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ti sùn lọ. Mo dúró díẹ̀ tí mo ń wò wọ́n. Ní gbogbo ogún ọdún tí mo fi ń fa irun ènìyàn, kò sí oníbàárà kan tó sùn lábẹ́ ọwọ́ mi rí.